Mówà àtijọ́ bàbá wa: ṣé kí n tún un ṣe, àbí kí n tà á fún ọlọ́mọlanke?

Àbíkẹ́yìn Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni koríko ti gba iwájú ilé wa ní Bódìjà. Ọmọkùnrin tó máa ń bá wa gé e ti kó lọ sí Èkó. Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ gáréèjì lọ wá àdá, ibẹ̀ ni mo ti bá mówà bàbá wa lẹ́yìn àwọn páànù àlòkù. Kì í ṣe èyí tó ń mu bẹntiróòlù o. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì ni: táyà irin méjì, igi ìdìmú gígùn, abẹ márùn-ún tó lọ́ bí okùn láàárín. Wọ́n rọ orúkọ mọ́ ọn lára: Ransomes, Ipswich. Igi ìdìmú yẹn ṣì ń dán níbi méjì tí ọwọ́ bàbá wa máa ń wà. Mo gbé ọwọ́ tèmi lé ojú ibẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bàbá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án. Láàárọ̀ Sátidé, ká tó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán, a ó ti máa gbọ́ ṣẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀rẹ̀ níwájú ilé. Wọ́n á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀, koríko á máa fò jáde bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń rẹ́. Ọmọ ìkókó lè sùn nínú ilé kó má jí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n tà á fún àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń pariwo kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n ra ti bẹntiróòlù. Èmi ò fẹ́ tà á. Ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún, kò yí mọ́ rárá. Ṣé ó ṣe é tún ṣe? Ṣé ohun tí èèyàn ń náwó lé ni?

Ìyá Ìbejì, Agége

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: ẹ tà á.

Lọ́dún tí ìyá ọkọ mi kú, ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi kó ẹrù jáde nínú yàrá kan ṣoṣo. Sítóòfù mẹ́ta tí kò lówùú, áyọ́ọ̀nù eléèédú méjì, fáànù tí kò lápá, agolo bisikíìtì tó kún fún kọ́kọ́rọ́ tí ẹnì kankan ò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí. Àkeekèé méjì la pa lábẹ́ ẹrù yẹn. "Mo fi ń rántí ni" ni màmá máa ń wí bí a bá ní ká dà wọ́n nù.

Ohun tó sì ń ká mi lára ni pé ẹni tó ń ṣàárò ohun àtijọ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó fi ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń lọ ata lórí ọlọ nílé wa láti ọmọ ọdún méje. Bí wọ́n bá ní àlejò ń bọ̀, ata rodo yẹn á ta mí lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Orí ìkúnlẹ̀ la fi ń lọ ọ́, ẹ̀yìn á máa dun èèyàn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta dé ẹnu ọ̀nà wa, ìyá mi jó. Ojú mi ló ṣe. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ti àtijọ́ ló dáa jù, ohun tí mo máa ń bi í ni pé: ta ló ń lò ó nílé yín nígbà yẹn?

Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, má tà á. Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa ọlọ, mi ò sì ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa fi ń gé koríko, kí ọ̀rọ̀ mówà lè yé wa.

Ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀ ni mo fi ṣe tíṣà. Lọ́jọ́ ìwọlé, gbogbo ọmọkùnrin ló gbọ́dọ̀ mú àdá wá, àwọn ọmọbìnrin á mú ìgbálẹ̀ wá. Èyí tó ní àwòrán ọ̀nì lára ni àwọn òbí máa ń wá, torí ó ń pẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kó tẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kó lè gé mọ́ ilẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ jù. Àwa tíṣà á fẹsẹ̀ wọn pápá, a ó pín in ní pọ́ṣọ̀n-pọ́ṣọ̀n. Ẹni tó bá pẹ́ dé, pọ́ṣọ̀n tí gbégi pọ̀ sí jù ló máa bá nílẹ̀, gbégi ò sì ní í tètè tú. Ọwọ́ ọmọ á lé roro, roro á bẹ́, á fi aṣọ wé e, á sì máa gé e lọ. Bí ẹlòmíràn bá ti parí tirẹ̀, á lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe díẹ̀. Orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà, mo ṣì mọ gbogbo rẹ̀ lórí.

Ní ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, mówà bíi ti bàbá rẹ wà nílé ọ̀gá àgbà. Ọjọ́ tí olùtọ́jú ọgbà kọ́kọ́ tì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì mi, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mo ń kọ́ wọn mọ́. Gbogbo wọn ló rọ́ lọ sójú fèrèsé. Mo lọ wò ó pẹ̀lú wọn. Ohun tí ogún ọmọ ń fi ọjọ́ odindi ṣe, ọkùnrin kan ń fi wákàtí méjì ṣe é, ó sì ń súfèé.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ohun ìrọ̀rùn ni mówà yẹn jẹ́ fún bàbá Àbíkẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìlọta tiwọn nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ mi, àkísà bàbá rẹ nìyẹn, ó sì tún lè wọ̀.

Mẹkáníìkì Kékeré, Ìwó Road

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ó ṣe é tún ṣe dáadáa. Mówà yẹn kò lẹ́ńjìnì, kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní kabúrétọ̀. Ohun tó lè yọnu lára rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: bẹ́ríìnì, abẹ, àti eyín tó wà nínú táyà.

Ẹ má gbé òòlù sí i. Irin tí wọ́n rọ lásìkò yẹn, bí ẹ bá lù ú, kì í tẹ̀, ṣe ló máa là. Kẹrosíìnì ni kí ẹ wá. Ẹ dà á sí gbogbo nọ́ọ̀tì àti ojú ibi tó ń yí, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún da òmíràn sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò. Bó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú táyà méjèèjì. Ẹ máa bá eyín kékeré kan nínú wọn. Òun ló ń jẹ́ kí abẹ yí bí ẹ bá tì í síwájú, tí kì í sì í jẹ́ kó yí bí ẹ bá fà á sẹ́yìn. Gíríìsì ibẹ̀ á ti dì bí ọṣẹ dúdú. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i. Kí ẹ tó yọ eyín yẹn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, torí tọ̀tún ò bá tòsì mu. Bí ẹ bá pàṣípààrọ̀ wọn, ẹ ó tì í títí, abẹ ò ní í yí.

Ó wá ku abẹ. Mówà yín kì í gé koríko bí àdá, bíi sísọ́ọ̀sì ló ṣe ń gé e. Abẹ márùn-ún tó ń yí jẹ́ apá kan sísọ́ọ̀sì náà, irin pẹlẹbẹ tó dúró sójú kan nísàlẹ̀ ni apá kejì. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, koríko á kàn tẹ̀ ni, kò ní í gé. Bí wọ́n bá fún mọ́ra jù, kò ní í yí. Sùkúrù wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì tí wọ́n fi ń sún wọn mọ́ra. Díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, ẹ má kánjú. Ẹ wá ya ìwé ìròyìn àtijọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi í sí àárín abẹ méjèèjì, kí ẹ rọra fi igi yí abẹ. Ẹ má fi ìka yí i. Bó bá gé ìwé náà geere láti apá kan dé apá kejì, ó ti dé ojú ibi tó yẹ. Bó bá ń fà á ya, tàbí tó ń ká a mọ́ra, ẹ tún un sún.

Bí abẹ ò bá mú mọ́, ẹ wá ìpara tí àwa mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù. Ẹ fi epo díẹ̀ pò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sójú abẹ, kí ẹ máa yí abẹ náà sẹ́yìn, kì í ṣe síwájú. Á kọ́kọ́ máa ha kerekere, bó bá ṣe ń mú sí i ni ìró yẹn á máa rọlẹ̀. Ẹ nù ún kúrò pátápátá tí ẹ bá ṣe tán, torí èyí tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ á máa jẹ irin lọ ni.

Báwo ni koríko yín ṣe ga tó báyìí?

Àbíkẹ́yìn Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti dé orúnkún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èèsún ti ń yọrí.

Mẹkáníìkì Kékeré, Ìwó Road

Á, mówà yẹn ò lè jẹ ìyẹn o. Bí koríko bá ti ga ju ìka ọwọ́ lọ, ṣe ló máa tẹ orí ba fún un, abẹ á sì kọjá lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ fi àdá tàbí ẹ̀rọ alágbékọ́rùn ṣán an lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣa òkúta àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò nílẹ̀, torí òkúta wẹ́wẹ́ kan lè gé eyín sára abẹ. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ máa tì í lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí òjò á fi dá. Kí koríko gbẹ kí ẹ tó tì í.

Ọmọ Agéko, Ṣàgámù

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà tó wà níbí. Iṣẹ́ mi lẹ dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n gbèjà rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mò ń gbé kọ́ èjìká yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ méjì. Èèsún, ẹ̀kan, igbó tí ejò ń sá sí, kò sí èyí tí kò lè ṣán. Ẹ gbé mówà Bàbá dé oko ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé ibi tó máa dúró sí kò jìnnà. Ohun tuntun náà ní ibi tó ti wúlò, ẹ má jẹ́ ká fi àárò bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní í purọ́ nípa epo. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà bẹntiróòlù kan kò tó igba náírà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀sẹ̀ kan ò pé tó fi fò kọjá 480. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún náírà. Àwọn oníbàárà tó ń pè mí lọ́sẹ̀ méjìméjì wá di ẹni tó ń pè mí lóṣù méjìméjì, nígbà tí mo bá sì dé, igbó ni mo máa ń bá.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra irú tèmi: ẹ bèèrè bóyá ó jẹ́ èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ tàbí èyí tí ọ́ìlì ní ojú tirẹ̀. Bó bá jẹ́ àpòpọ̀, tí wọ́n kọ 50:1 sí i lára, lítà epo kan á gba ogún mílílítà ọ́ìlì. Bó bá jẹ́ 25:1, ogójì mílílítà ni. Ẹni tó bá da epo lásán sí i, ẹ́ńjìnì á kú kó tó di ọ̀la. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ wọ dígí ojú. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òkúta kan ta láti ẹnu ẹ̀rọ mi, ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀ oníbàárà mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ọmọ ló bà ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń kọ́kọ́ rìn yí gbogbo àyíká ká kí n tó fa okùn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Manchester

Orúkọ tó wà lára mówà yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi débi pé mo mú àwọn ọmọ mi lọ sí Southport láti lọ wò ó. Ilé àkójọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé mówà nìkan ni wọ́n kó síbẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edwin Budding ló ṣe mówà àkọ́kọ́ lọ́dún 1830, nítòsí Stroud ní Gloucestershire. Iṣẹ́ aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n fi mọ àdúgbò yẹn nígbà náà. Bí wọ́n bá hun aṣọ tán, irun wẹ́wẹ́ á yọ lójú rẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rọ kan tó ní abẹ yíyí tó ń fá irun yẹn kí aṣọ lè jọ̀lọ̀. Ara ẹ̀rọ aṣọ yìí ni Budding ti rí ọgbọ́n tó fi ń fá koríko. Ní 1832, iléeṣẹ́ Ransomes ní Ipswich gba àṣẹ láti máa ṣe é tà. Ṣáájú ìgbà yẹn, dòjé gígùn ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n fi ń gé pápá, tàbí kí wọ́n da àgùntàn sí i. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe èyí tó tóbi tí ẹṣin ń fà, wọ́n sì máa ń wọ bàtà aláwọ fún ẹṣin náà kí pátákò rẹ̀ má baà hú koríko. Bàtà ẹṣin yẹn ni àwọn ọmọ mi ń rò fún ìyá wọn ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Abẹ tó lọ́ bíi ti Bàbá yẹn kò tíì di àtijọ́ o. Pápá tẹ́níìsì Wimbledon, mílímítà mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gé koríko ibẹ̀ sí lásìkò ìdíje, mówà irú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gé e, àfi pé tiwọn lẹ́ńjìnì. Mówà tí abẹ rẹ̀ ń yí bíi fáànù nísàlẹ̀ kò lè gé e mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìha ilẹ̀.

Àbúrò, ẹ gbé e yọ o. Ní ìhín, bí ilẹ̀ ò bá tutù, òjò á rọ̀. Bí òjò ò bá rọ̀, ilẹ̀ á tutù. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí oòrùn bá yọ, gbogbo àdúgbò á ti mówà síta lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn koríko tútù á gba ojú pópó. Ọgbà ilé ìwé mi ní Abẹ́òkúta ni mo máa ń rántí, kì í ṣe England.

Ìyá Aránṣọ, Òṣogbo

Háà! Ṣé inú iṣẹ́ aṣọ ni mówà ti wá? Ẹ ṣeun, Ọmọ Ẹ̀gbá. Mo ti ka ibẹ̀ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi.

Èmi ní máṣíìnì Singer ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá mi fi rán aṣọ tọ́ wa. Oníbàárà mi kan bá mi wo nọ́ńbà ara rẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn ni èèyàn fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Lẹ́tà E ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti ti iléeṣẹ́ yẹn pa láti 1980. Máṣíìnì mi ṣì wà níbi iṣẹ́.

Mo ní máṣíìnì oníná méjì, mo sì fẹ́ràn wọn. Àwọn ni mo fi ń rán aṣọ ẹbí tó bá pọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ò lè bá a sáré. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, tí Iléyá ku ọ̀la, iná lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ ní òun ò ní í dáhùn. Aṣọ mọ́kànlá wà nílẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ jókòó ti fìtílà, mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ lé Singer ìyá mi. Bẹ́líìtì awọ rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, bó ṣe ń dún nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo máa ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Aago méjì òru la rán aṣọ ìkẹyìn tán. Kò sí oníbàárà tó re yídì láìwọ tuntun.

Kì í ṣe pé mo kàn gbé e kalẹ̀ o. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi epo máṣíìnì sí gbogbo ojú ihò rẹ̀. Mi ò fi epo pupa sí i rí, mi ò fi ẹ́ńjìnì ọ́ìlì sí i rí. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi, torí epo jíjẹ máa ń dì mọ́ inú rẹ̀ bí gọ́ọ̀mù, òun ló sì pa ọ̀pọ̀ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà, Houston

Níbí, koríko lè kó èèyàn sí wàhálà. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò mi kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tí mo kó dé, pé koríko iwájú ilé mi ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, owó ìtanràn sì wà nínú ìwé kejì. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, èmi sì ń ṣiṣẹ́ òru. Ó dùn mí púpọ̀.

Mo ra mówà oníbátìrì. Kò pariwo, kò rùn, mo lè gé koríko láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn Texas tó mú, ọmọ ò sì ní jí. Ní California, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 2024, òfin ti ní kí wọ́n má ṣe mówà tuntun tó ń mu epo fún títà mọ́. Nítorí náà, mówà tí kì í mu epo lọmọ aráyé ń wá kiri báyìí. Àbúrò, èyí tó wà nínú gáréèjì yín kò mu epo láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Agége

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà wọ̀ mí lára, pé ẹ̀rọ ìlọta tiwọn ni. Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí a kó ẹrù ìyá tèmi, mo ní kí wọ́n gbé ọlọ lọ, ṣùgbọ́n mo mú ọmọ ọlọ. Ó wà lórí fíríìjì mi. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti jẹ wọnú, níbi tí ọwọ́ ìyá mi àti tèmi ti ń dì í mú. Mi ò fi lọ nǹkan kan. Bí mo bá ń retí kí omi hó, mo máa ń mú un dání.

Ẹ tún mówà yín ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kó àwọn páànù àlòkù yẹn jáde kúrò ní gáréèjì, mo bẹ̀ yín, nítorí àkeekèé.

Àbíkẹ́yìn Bódìjà

Ẹ kú àfojúsọ́nà o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí.

Mo ti ta àwọn páànù fún ọlọ́mọlanke. Àkeekèé kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, Ìyá Ìbejì.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń da kẹrosíìnì sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé ọwọ́ lé e, ó dún kẹ́, abẹ yí ìdajì. Mo pariwo débi pé ará ilé kejì yọjú. Nígbà tí mo tú táyà ọ̀tún, bí Mẹkáníìkì ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí. Ṣùgbọ́n nínú táyà òsì, eyín tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìṣó ńlá kan ni mo bá, tí wọ́n gé lórí, tí wọ́n fi fáìlì fá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì títí ó fi rí bí eyín tọ̀tún. Ojú fáìlì ṣì hàn lára rẹ̀. Bàbá wa kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa pé mówà yẹn bàjẹ́ rí. Mo jókòó sórí bíríkì níbẹ̀, mo gbé ìṣó yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, mi ò lè dìde fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo nù ún, mo fi gíríìsì sí i, mo dá a padà sí ààyè rẹ̀. Ó di mú dáadáa.

Ìwé ìròyìn gba ojúmọ́ kan gbáko lọ́wọ́ mi. Apá òsì ń gé, tọ̀tún ń fà á ya. Bí mo bá sún tọ̀tún, tòsì á dì. Ìpara fáàfù ló yanjú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní Ṣáṣá bá mi fi ẹ̀rọ ṣán koríko gíga yẹn, a ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kún àpò ìrẹsì kan àbọ̀.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yà láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń tì í. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ bàtà gogoro wọn, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n ní kí n kúrò níbẹ̀. Wọ́n tì í lọ tì í bọ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri dé ìdí igi máńgòrò, gèlè ò kúrò lórí wọn. Ṣẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀rẹ̀. Màmá gbọ́ ọ láti inú ilé, wọ́n jáde sí bàákónì, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà.

Ó ku apá ọ̀tún. Òjò ló lé wa wọlé.

Mẹkáníìkì Kékeré, Ìwó Road

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Ẹ má pààrọ̀ ìṣó yẹn o, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣé ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó gbé e wọlé? Ẹ fi àkísà tó lọ́ìlì pa abẹ rẹ̀ lálẹ́ yìí.